ÈDÈ KÉTU NÍ Ẹ̀GÙÁ: EWU TÍ Ó Ń TI INÚ ILÉ WÁ

1.0 Ìfáárà

Ní ọdún 1992 ni Michael Krauss kìlọ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè pé, bí nǹkan bá ń lọ bí ó ti ń lọ, ìdá 90 nínú 100 àwọn èdè ayé lè ti kú tàbí kí wọ́n ti wà lẹ́nu ikú kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó yí po. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ èdè tí ó ń kú lọ ti di ọ̀rọ̀ pàtàkì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga káàkiri àgbáyé. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ilẹ̀ Yorùbá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọkàn àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Wọn a máa sọ nípa àwọn ọmọ tí wọn kò gbọ́ Yorùbá mọ́, àti nípa àwọn òbí tí wọn kò sọ ọ́ sí ọmọ wọn létí. Ìbẹ̀rù yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ó máa ń mú kí ojú fo irú ewu mìíràn dá, èyí tí kì í ti ọ̀dọ̀ àjèjì wá.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Kì í ṣe gbogbo èdè ni àjèjì ń pa. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé ìbátan rẹ̀ tí ó lágbára jù ú lọ ni ó ń gbapò rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀, láìsí ìjà, láìsí òfin, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi sí i. Irú ewu yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé, nípa wíwo ipò tí èdè Kétu wà ní Ẹ̀gùá àti àwọn ìlú Kétu yòókù tí ó wà ní apá Nàìjíríà.

Kókó mẹ́ta ni àlàyé náà dá lé. Èkíní ni pé òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ èdè tí ó wà nínú ewu kì í sábà rí irú Kétu, nítorí pé ẹ̀ka-èdè ni a ń pè é. Èkejì ni pé Yorùbá àjùmọ̀lò, nínú iṣẹ́ rere tí ó ń ṣe fún gbogbo ọmọ Yorùbá, ni ó ń gba àyè lọ́wọ́ Kétu. Ẹ̀kẹta ni pé bí Kétu bá lọ, ohun tí yóò bá a lọ kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò tí a ó fi lè padà lọ mú un níbẹ̀.

2.0 Ẹ̀gùá àti ilẹ̀ Kétu

Ẹ̀gùá wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí Ayétòrò jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pe agbègbè náà nínú ìwé ìjọba kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa ní àwọn ọdún 1990. Orúkọ méjèèjì lè ṣi ẹni tí kò mọ ìtàn ibẹ̀ lọ́nà. Kétu ni àwọn ará Ẹ̀gùá, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìmẹ̀kọ, Ìgan Àlàdé, Ìjàkà àti Ìjálè ti jẹ́ Kétu. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn fi orí tì kì í ṣe Ìlaró tàbí Abẹ́òkúta bí kò ṣe ìlú Kétu fúnra rẹ̀, níbi tí Alákétu ń jọba sí, tí ó sì wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí.

Ohun méjì nínú ìtàn ni ó sọ ilẹ̀ Kétu di bí ó ti rí. Ìkíní ni ogun Dàhòmì, tí ó fọ́ ìlú Kétu ní ọdún 1886. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Àbọ̀mẹ̀, àwọn tí ó sá àsálà sì fọ́n káàkiri. Ẹ̀yìn ìgbà tí Faransé ti ṣẹ́gun Dàhòmì, ní ọdún 1894, ni wọ́n tó tún ìlú náà tẹ̀ dó. Ìkejì ni àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ ṣe ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1889, nípa èyí tí wọ́n fa ìlà la ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn já. Ààfin Alákétu bọ́ sí apá Faransé. Ẹ̀gùá, Ìmẹ̀kọ àti àwọn ìlú mìíràn bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ọba kan náà ni wọ́n ń wò lókè, ṣùgbọ́n ìjọba méjì ni wọ́n ń san owó-orí fún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn Òyìnbó, láti 1889 dé 1945, bí iṣẹ́ àfipáṣe, owó-orí àti kíkó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sí iṣẹ́ ológun lábẹ́ Faransé ṣe mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rékọjá ààlà wá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba àwọn Òyìnbó ń lọ lọ́wọ́, àwọn ìlú Kétu ti apá ìhín kò dá wà láìní ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ìyá wọn. Ẹbí, ọjà àti ọdún ìbílẹ̀ ń so wọ́n pọ̀, èdè sì ń bá wọn rìn.

Ìlà ààlà yìí nípa lórí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè pàápàá. Nígbà tí Abíọ́dún Adétùgbọ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí pàtàkì rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ní ọdún 1967, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni iṣẹ́ náà mú gẹ́gẹ́ bí ààyè rẹ̀. Ó pín àwọn ẹ̀ka-èdè náà sí ọ̀nà mẹ́ta: ti àríwá ìwọ̀-oòrùn, ti gúúsù ìlà-oòrùn àti ti àárín gbùngbùn. Ìpín yìí wúlò púpọ̀, a sì ń lò ó títí di òní. Ṣùgbọ́n èdè tí orí rẹ̀ wà ní òdì-kejì ààlà, tí ìrù rẹ̀ nìkan wà ní Nàìjíríà, kò lè fi gbogbo ara hàn nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ tí wọ́n wo Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò mọ́ ti Nàìjíríà rí i pé Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ifẹ̀ ti Tógò yẹ ní ẹni tí à ń gbé yẹ̀ wò lápapọ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn.

3.0 Òṣùwọ̀n èdè tí ó wà nínú ewu

Òṣùwọ̀n tí a mọ̀ jù lọ ni èyí tí àwọn amòye gbé kalẹ̀ fún àjọ UNESCO ní ọdún 2003. Ohun mẹ́sàn-án ni ó ní kí a wò: bóyá àwọn òbí ń fi èdè náà lé ọmọ lọ́wọ́, iye àwọn tí ń sọ ọ́, ìdá tí wọ́n jẹ́ nínú gbogbo àwùjọ, ibi tí a ti ń lò ó, bí ó ṣe ń wọ àwọn ibi ìlò tuntun bí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ìwé tí a lè fi kọ́ni, ìhà tí ìjọba kọ sí i, ìhà tí àwọn tí ó ni ín fúnra wọn kọ sí i, àti iye àkọsílẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ó wúwo jù. Èdè tí gbogbo ọmọdé inú ilé ń sọ gba máàkì 5. Èyí tí kò sí ẹni tí ń sọ ọ́ mọ́ gba òdo.

Bí a bá gbé Kétu ti Nàìjíríà lé orí òṣùwọ̀n yìí, ibi mẹ́ta ni ó ti hàn kíákíá pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ti iye olùsọ, ètò ìkànìyàn ti ọdún 1991 àti ti 2006 ní Nàìjíríà kò béèrè ẹ̀yà, nítorí náà kò sí ibi tí a ti ka Kétu sọ́tọ̀. Ní ti ìwé, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìwé tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ èdè ní ilé-ìwé. Ní ti ìhà tí ìjọba kọ sí i, Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 dárúkọ Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè tí a lè lò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kétu wọ inú orúkọ Yorùbá, ó sì parẹ́ sínú rẹ̀.

Ìdí tí ó fi parẹ́ ni pé èdè ni òṣùwọ̀n náà ń wọ̀n, ẹ̀ka-èdè sì ni a pe Kétu. Bẹ́ẹ̀ ni ìlà tí ó wà láàrin èdè àti ẹ̀ka-èdè kì í ṣe ohun tí ìmọ̀ ìró tàbí gírámà nìkan ń fà. Ìtàn àti ìṣèlú wà nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà. Nínú ìwé Ethnologue, tí ó ń ka àwọn èdè ayé, àwọn bí Èdè Cábɛ̀, Èdè Ìcà, Èdè Ìdàácà àti Èdè Ìjè wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè, olúkúlùkù pẹ̀lú àmì tirẹ̀. Èdè Ìjè yìí ni èdè àwọn Ọ̀họ̀rí, aládùúgbò Kétu. Ẹni tí ó bá sọ pé èdè ni ti Ọ̀họ̀rí, tí ó sì ní ẹ̀ka-èdè lásán ni ti Kétu, yóò nira fún un láti fi ohùn àwọn olùsọ méjèèjì ṣe ẹ̀rí.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kí Kétu ya kúrò lára Yorùbá. Ohun tí ó ń tọ́ka sí ni pé orúkọ tí a fún nǹkan lè mú kí ewu rẹ̀ má hàn. Bí èdè Yorùbá ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù olùsọ, àárẹ̀ tí ó mú ẹ̀ka kan kò ní hàn lára igi.

4.0 Bí Yorùbá àjùmọ̀lò ṣe ń gbapò

Yorùbá tí a ń kọ sílẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Àwọn míṣọ́nnárì ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní ọdún 1875, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Orí ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ni a gbé èdè inú ìwé wọ̀nyí kà, pẹ̀lú àwọn ohun tí ó ti inú Ẹ̀gbá àti àwọn ẹ̀ka mìíràn wọlé. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ètò yìí kó ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò sínú kíláàsì kan náà, ó sì fi ìwé Yorùbá kan náà lé wọn lọ́wọ́. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní. Ní 1977 ni Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè sọ pé kí a máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni gbogbo èyí. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, bóyá ipò tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ìbá ti gbà lónìí ìbá ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n ní ìlú bí Ẹ̀gùá, gbólóhùn náà, "èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò", túmọ̀ sí Yorùbá inú ìwé, nítorí pé òun ni ó ní ìwé. Kò sí ẹni tí ó fòfin de Kétu. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìdánwò kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ ń sọ nílé sínú àròkọ Yorùbá, àṣìṣe ni olùyẹ̀wé yóò kà á sí. Bí ọmọ náà bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ̀ pé èdè mìíràn ni òun ń sọ, ó sì lè tọ́jú tilé sí àyè rẹ̀. Bí ó bá ń kọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, wọn kò sọ fún un pé ó ń kọ́ èdè kejì. Ohun tí ó ń gbọ́ ni pé ó ń tún èdè tirẹ̀ ṣe. Ibi tí agbára ìbátan fi ju ti àjèjì lọ nìyí: àjèjì a máa gbé èdè tirẹ̀ ka ẹ̀gbẹ́ tilé, ìbátan a máa wọ inú tilé lọ, a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lónìí ìró kan yí padà, lọ́la ọ̀rọ̀-orúkọ kan yọ, lọ́tùnla wúnrẹ̀n gírámà kan di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ nípa àwọn àgbà. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ẹnikẹ́ni lè nàka sí pé òní ni a dẹ́kun sísọ Kétu.

Ìjọ, mọ́ṣáláṣí, rédíò àti ọjà ń ti ọ̀nà kan náà lẹ́yìn. Oníwàásù tí ó ti ibòmíràn wá ń fi Yorùbá Bíbélì wàásù. Ẹni tí ó ń ná ọjà ní Ayétòrò tàbí Abẹ́òkúta ń fẹ́ sọ èyí tí yóò tètè yé ẹni tí ó ń bá ná an. Ìgbéyàwó láàrin ìlú sí ìlú ń mú kí bàbá àti ìyá wá ohùn tí ó wà láàrin méjì, Yorùbá àjùmọ̀lò sì ni ó sábà máa ń wà láàrin méjì. Ìpinnu tí ó bọ́gbọ́n mu ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àpapọ̀ wọn ni ó ń pa èdè.

Irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ibi tí ó jìnnà sí Ẹ̀gùá, ó sì yẹ kí a wò ó. Ní ilẹ̀ Perú, Bùràsíìlì àti Bòlífíà ni a ti ń sọ àwọn èdè ẹbí Páno. Ọ̀kan nínú wọn ni Iskonawa ti Perú. Ní ọdún 1959, àwọn míṣọ́nnárì kó ẹgbẹ́ kékeré àwọn Iskonawa kúrò nínú igbó wọn lọ sí etí odò Callería, ní àdúgbò àwọn Shipibo-Konibo. Èdè Shipibo-Konibo náà jẹ́ ọmọ ẹbí Páno, olùsọ rẹ̀ sì pọ̀ ju ti Iskonawa lọ fíìfíì. Àwọn ọmọ Iskonawa dàgbà sínú Shipibo, wọ́n sì ń fi èdè Sípéènì kún un. Nígbà tí Roberto Zariquiey, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ará Perú, tẹ àlàyé gírámà Iskonawa jáde ní ọdún 2015, ìwọ̀nba àwọn arúgbó díẹ̀ ni ó kù tí wọ́n gbọ́ èdè náà dénú. Èdè Sípéènì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá ti rò pé yóò pa Iskonawa. Ìbátan rẹ̀ tí ń gbé ní ilé kejì ni ó kọ́kọ́ gba àwọn ọmọ rẹ̀.

Àfiwé yìí ní ibi tí ó mọ. Àwọn Iskonawa kéré níye, wọ́n sì ṣí wọn nípò kúrò ní ilẹ̀ wọn. Àwọn Kétu pọ̀, orí ilẹ̀ bàbá wọn ni wọ́n sì wà. Ohun tí Iskonawa fi kọ́ni ni ọ̀nà tí ewu náà ń gbà, kì í ṣe bí ó ti súnmọ́ tó. Bí ìbátan bá jọra, kò sí ẹni tí ń pariwo. Bí kò bá sí ẹni tí ń pariwo, àwọn onímọ̀ a dé nígbà tí ó ti ku àwọn arúgbó nìkan.

5.0 Apá kejì ààlà

Ènìyàn lè rò pé ohunkóhun tí ó bá sọnù ní Ẹ̀gùá yóò ṣì wà ní Kétu ti Bẹ̀nẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Faransé ni èdè ilé-ìwé níbẹ̀ láti ìgbà ìjọba Faransé, nítorí náà Yorùbá inú ìwé kò rí ọ̀nà wọ inú ilé bí ó ti rí i ní Nàìjíríà. Ìkànìyàn ti Bẹ̀nẹ̀ a máa béèrè ẹ̀yà. Ní 2013, nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 àwọn ará ìlú ni a kọ sí abẹ́ Yorùbá àti àwọn ìbátan rẹ̀. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1972, ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní àwọn èdè ìbílẹ̀ gbérí níbẹ̀, wọ́n sì ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè náà.

Álífábẹ́ẹ̀tì yìí fi ɛ àti ɔ kọ ohun tí Nàìjíríà fi ẹ àti ọ kọ. Fáwẹ̀lì kan náà ni, ènìyàn kan náà ni ó ń pè é, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó kọ́ ìwé ní Ẹ̀gùá yóò wo ìwé tí a kọ fún ìbátan rẹ̀ ní Kétu bí ohun àjèjì. Orúkọ pàápàá ti pín. Nagot ni ìwé Faransé ń pe ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Yorùbá. Nítorí náà èdè kan náà ń lọ sí ọ̀nà méjì. Ní apá ìhín, ó ń rì sínú èdè ńlá tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ní apá ọ̀hún, ó dúró gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ Faransé. Bí ìran kan tàbí méjì bá kọjá báyìí, èdè tí ààlà kò lè pín ní 1889 yóò ti pín fúnra rẹ̀.

6.0 Ohun tí ó lè sọnù

6.1 Ẹ̀rí fún ìtàn èdè Yorùbá

Ohun tí a mọ̀ nípa Yorùbá àtijọ́, inú àwọn ẹ̀ka-èdè ni a ti mọ̀ ọ́n. Yorùbá àjùmọ̀lò ní ọwọ́; Oǹdó ní ọghọ́. Inú irú àfiwé yìí ni a ti mọ̀ pé ìró kan wà nígbà kan rí tí Ọ̀yọ́ ti sọ nù. Yorùbá àjùmọ̀lò ní ilé. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní ulé. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé fáwẹ̀lì u lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè inú ìwé kò gbà á láyè. Ní ìwọ̀-oòrùn, orúkọ àwọn ìlú fúnra wọn jẹ́ ẹ̀rí: ibi tí a ń kọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà, Cábɛ̀ ni orúkọ èdè ibẹ̀, pẹ̀lú ìró tí ó dà bí t àti ṣ tí a pè pọ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dà bí ẹlẹ́rìí kan níwájú adájọ́. Kétu wà ní oríta, láàrin àwọn ẹ̀ka Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ní ọwọ́ kan, àti Yewa, Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ ní ọwọ́ kejì. Bí ẹlẹ́rìí tí ó dúró ní oríta bá kú kí a tó gbọ́ ẹnu rẹ̀, ẹjọ́ náà kò ní ṣeé dá dáadáa.

6.2 Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Àwùjọ Kétu wà lára àwọn tí ó ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jù lọ. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn àjogúnbá aláìlẹ́gbẹ́ ti ọmọ ènìyàn, pẹ̀lú orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lára rẹ̀. Ní 2008 ni ó wọ inú àkójọ tí ó wà títí di òní. Ojú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nítorí àwọn ère orí rẹ̀ wà ní ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n etí ni a fi ń gbọ́ òru rẹ̀. Ijó wà fún ọ̀sán. Ẹ̀fẹ̀ wà fún òru. Tètèdé a jáde, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ a tẹ̀ lé e, a sì máa kọrin títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A júbà àwọn ìyá, a súre fún ìlú, a sì bá ẹni tí ó ṣẹ̀ wí, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe olóyè.

Asíwájú fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ kan, tí ó wà nínú ìwé tí Wándé Abímbọ́lá ṣe olóòtú rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1975, pé orin Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ orísun ìtàn fún ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ìwúlò yìí dúró lórí pé kí ọ̀rọ̀ inú orin náà yé ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ìbáwí inú Ẹ̀fẹ̀ kì í sábà lọ tààrà. Ó ń gba inú àfiwé, àdàpè àti fífi ọ̀rọ̀ ṣeré, níbi tí ohùn kan tí ó lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ ti ń yí ìtumọ̀ padà. Bí a bá túmọ̀ irú orin bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò, kókó ọ̀rọ̀ lè yè, ṣùgbọ́n eré inú rẹ̀ a kú, agbára tí ó fi ń bá alágbára wí a sì bá a lọ.

6.3 Orin láìsí ọ̀rọ̀

Ẹnì kan lè sọ pé níwọ̀n ìgbà tí orin bá wà, èdè kò kú. Bùràsíìlì ni ìdáhùn. Láti inú àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ni àwùjọ ẹ̀sìn tí wọ́n ń pè ní Ketu ti dìde, orúkọ náà sì wà lẹ́nu wọn títí di òní. Ìtàn ilé Alaketu ní Salvador so ìdílé náà mọ́ ìdílé ọba Arọ́ ní Kétu. Ilé Axé Opô Afonjá, tí Mãe Aninha dá sílẹ̀ ní 1910, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé tí a bọ̀wọ̀ fún jù. Ní àwọn ilé wọ̀nyí, oríkì àti orin òrìṣà kò parẹ́, ìkíni àti orúkọ oyè sì wà. Ohun tí ó lọ ni ìjíròrò. Èdè Potogí ni wọ́n fi ń ná ọjà, tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìran ni ó ti kọ orin tí wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí a kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ gbólóhùn inú rẹ̀ kò yé wọn mọ́.

Àwọn ará Bahia ṣe é lábẹ́ oko-ẹrú, iṣẹ́ akin ni wọ́n sì ṣe. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún Ẹ̀gùá ni pé ẹ̀sìn àti ọdún lè gbé èdè pa mọ́, wọn kò lè mú un sọ̀rọ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí kò yé ẹni tí a ń bá wí kò lè bá a wí mọ́.

7.0 Ohun tí ó ṣeé ṣe

Yorùbá àjùmọ̀lò kì í ṣe ọ̀tá. Ẹnu kan lè gba méjèèjì, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Kétu sì ń sọ méjèèjì láìdà wọ́n pọ̀. Ohun tí ó yẹ ni pé kí èkejì má di àfidípò èkíní.

Ìkíní, kí a ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé ní Ẹ̀gùá, kí a gbọ́ ìran mẹ́ta nínú ilé kan náà: ìyá-ìyá, ìyá àti ọmọ. Kí a fi ọ̀rọ̀ kan náà àti gbólóhùn kan náà lọ̀ wọ́n, kí a sì wo ibi tí ìdáhùn wọn ti yàtọ̀. Ọ̀nà yìí ni yóò sọ bóyá èdè náà ń dọ́wọ́ ọmọ tàbí kò dé, nítorí kókó àkọ́kọ́ inú òṣùwọ̀n UNESCO nìyẹn.

Ìkejì, kí àkójọ ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú oko. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀gùá, orúkọ ilẹ̀, koríko, kòkòrò àti ìgbà iṣẹ́ sì wà lára ohun tí ìwé ilé-ìwé kì í kọ́ni. Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn ní Ayétòrò. Iṣẹ́ yìí yóò wúlò fún onímọ̀ ọ̀gbìn gẹ́gẹ́ bí yóò ti wúlò fún onímọ̀ èdè.

Ìkẹta, kí a gba ohùn Ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ àwọn tí ó ni ín, kí àwọn ọmọ Kétu fúnra wọn dà á kọ, kí wọ́n sì ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Kí àkọsílẹ̀ náà wà ní àkọtọ́ méjèèjì, ti Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀, kí ará Kétu àti ará Ẹ̀gùá lè jọ ka ìwé kan náà.

Ìkẹrin, kí àwọn tí ń kọ́ olùkọ́ jẹ́ kí ó yé wọn pé ohun tí ọmọ Kétu mú ti ilé wá kì í ṣe àṣìṣe. Olùkọ́ tí ó lè sọ pé, "Báyìí ni a ń sọ ọ́ nílé, báyìí ni a ń kọ ọ́ nínú ìwé," ti kọ́ ọmọ náà ní ohun méjì dípò kí ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

8.0 Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé èdè lè wà nínú ewu láàrin àwọn ìbátan rẹ̀, àti pé irú ewu bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rí, nítorí pé ó ní orúkọ rere. Ó jọ ẹ̀kọ́, ó jọ ìṣọ̀kan, ó sì jẹ́ méjèèjì ní tòótọ́. Kétu ti la ogun Dàhòmì kọjá, ó ti la ààlà àwọn Òyìnbó kọjá, nítorí pé lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó kù ṣì ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ ní èdè tí a fi bá àwọn náà sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó lè sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ẹnu àwọn bàbá wọn ṣì wà láàyè ní Ẹ̀gùá. Iṣẹ́ tí yóò gba ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ wọn nísinsìnyí ni ẹnikẹ́ni kò ní lè ṣe mọ́ lẹ́yìn wọn, bí ó tilẹ̀ ní gbogbo ìwé ayé lọ́wọ́.